Rímù ńlá lábẹ́ ọkọ̀ tó ti rẹlẹ̀: bí a ṣe ń ṣe é ní Àkúrẹ́ tí táyà kò fi ní máa fá fẹ́ńdà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé rímù 18 sábẹ́ Corolla mi tó ti rẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wà á gba Òpópónà Ọba Adésídà kọjá láìsí nǹkan kan tí mo fẹ́ rà. Mo kàn fẹ́ kí ará ìlú rí mi ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta wọ ẹ̀yìn, ìkẹrin jókòó síwájú, a dorí kọ South Gate FUTA, yunifásítì ìlú wa. Bọ́ǹpù àkọ́kọ́ tí a gùn, ẹ̀yìn ọkọ̀ ké “ràààà”, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ayùn rẹ́ páànù. A bọ́ sílẹ̀, a tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Etí fẹ́ńdà ti fá èjìká táyà débi pé okùn inú rẹ̀ ti ń yọjú. Táyà tí kò tíì sùn nílé mi mọ́jú.

Ẹni tó ta rímù yẹn fún mi kò purọ́. Mo bi í bóyá ó máa wọlé, ó ní ó máa wọlé, ó sì wọlé. Ohun tí n kò bi í ni bóyá ó máa rí àyè yí, bóyá ó máa rí àyè gbéra nígbà tí èèyàn márùn-ún bá wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tí a kò rẹ̀ sílẹ̀ a máa forí ji èèyàn lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí àyè pọ̀ lókè táyà rẹ̀. Èyí tó ti rẹlẹ̀ kì í forí jini. Mìlímítà mélòó kan péré ló wà láàárín ọkọ̀ tó ń wu ojú àti ọkọ̀ tó ń jẹ táyà.

Nítorí náà, téèpù àti ìwé la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Sípánà ló ń kẹ́yìn. Corolla 2005 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ni tèmi, òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Camry tàbí Accord, ọ̀nà kan náà ni, ẹ kàn fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò tèmi.

Ẹ ka ohun tó wà lára ọkọ̀ yín

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó ibẹ̀. Sítíkà kan wà tó sọ irú táyà tí ọkọ̀ náà bá wá àti iye atẹ́gùn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Tèmi kà pé 195/65R15. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. R kì í ṣe rímù o, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rò. Bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà ló ń sọ. 15 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì.

Ihò nọ́ọ̀tì ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Corolla 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà ní nọ́ọ̀tì 5, lórí àyíká tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 mm. 5x100 ni wọ́n ń pè é. Corolla ìgbà yẹn kan náà tó wá láti Yúróòpù, nọ́ọ̀tì 4 ló ní, 4x100. Ẹ má ṣe wo ojú ọkọ̀ ra rímù. Ẹ ka nọ́ọ̀tì. Camry ìgbà yẹn àti Accord 2003 sí 2007, 5x114.3 ni wọ́n. Benz, 5x112. Ẹ wo 112 àti 114.3 yẹn dáadáa: 2.3 mm péré ló wà láàárín wọn. Bí èèyàn bá fi agbára mú un, rímù Benz á wọ ara Camry, nọ́ọ̀tì á sì dì. Ṣùgbọ́n ṣe ni bótì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ihò, rímù kò jókòó dáadáa, ọjọ́ tí bótì bá sì já lórí eré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á ṣáájú ọkọ̀ délé.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn rímù oníhò 5 fúnra yín, kò sí ihò méjì tó dojú kọra, ẹ má wulẹ̀ wá a. Ẹ fo ihò kan, kí ẹ wọn láti àárín ihò tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dé àárín ihò tí ẹ fò dé. 5x100 á fún yín ní nǹkan bíi 95 mm, 5x112 á fún yín ní 106.5, 5x114.3 á fún yín ní 108.7. Mo kọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí sẹ́yìn káàdì kan tó wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Ìyẹn nìkan ti gbà mí lọ́wọ́ rímù méjì. Yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta ọjà a máa fi ojú mìíràn wo oníbàárà tó bá mú téèpù jáde lápò.

Ihò ńlá àárín rímù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Họ́ọ̀bù, irin àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ihò yẹn ń wọ̀, jẹ́ 54.1 mm lára Corolla yìí, ti Camry 60.1, ti Accord 64.1. Rímù tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ sábà máa ń ní ihò tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, 73.1 wọ́pọ̀ gan-an, kó lè bá ọkọ̀ oríṣiríṣi mu. Òrùka oníke tàbí ti alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà, kò sì wọ́n. Ẹni tí kò bá fi sí i, bó bá ti ń sáré 90 lójú ọ̀nà Iléṣà, sítíárì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, á wá máa bú fọkanáísà pé kò mọ bálánsì í ṣe.

Rímù lè ga sí i, táyà ni kò gbọdọ̀ ga sí i

Àwọn kan gbà pé títóbi rímù ló ń jẹ́ kí táyà kan fẹ́ńdà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí rímù bá ń tóbi, tí ẹ̀gbẹ́ táyà ń kéré bó ṣe yẹ, gbogbo rẹ̀ á ṣì ga bákan náà. Ẹ fi 25.4 sọ íǹṣì rímù di mìlímítà, kí ẹ wá ro ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, torí ó wà lókè, ó wà nísàlẹ̀. Ti 195/65R15: rímù jẹ́ 381, ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 126.75, lẹ́ẹ̀mejì 253.5, àpapọ̀ 634.5 mm. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí a ó fi máa gbé àwọn yòókù wò:

205/50R17: 636.8 mm
215/45R17: 625.3 mm
225/45R17: 634.3 mm
225/50R17: 656.8 mm
225/40R18: 637.2 mm

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ta 225/50R17 yẹn fún ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ìjàpọ̀, kìkì nítorí pé òun ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ga ju ti àtijọ́ lọ ní 22 mm. Ìdajì rẹ̀, 11 mm, á lọ tààrà sí abẹ́ fẹ́ńdà tí a ti rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí ojú eré bá kọ 100, ọkọ̀ ń sá 103.5 ní tòótọ́.

Fún ọkọ̀ tó ti rẹlẹ̀, 215/45R17 ni mo fẹ́ràn. Ó kéré sí ti àtijọ́ ní 9 mm, nítorí náà orí táyà jìnnà sí fẹ́ńdà sí i ní nǹkan bíi 4.6 mm. Ẹ má gbàgbé pé ikùn ọkọ̀ náà á fi 4.6 mm kan náà sún mọ́ ilẹ̀. Kò sí ọ̀fẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. 205/50R17 dára fún ẹni tí ọ̀nà burúkú pọ̀ níwájú rẹ̀ jù, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn sí i, ṣùgbọ́n ó ga díẹ̀.

18 ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ táyà ni ìrọ̀rí rímù. Ti 15 wa jẹ́ nǹkan bíi 127 mm, ti 215/45R17 jẹ́ 97, ti 225/40R18 jẹ́ 90 péré. Tí òjò bá rọ̀, tí omi bo kòtò mọ́lẹ̀, 90 mm yẹn ló dúró láàárín etí rímù yín àti etí ọ̀dà. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju Alágbàká sí Ìjàpọ̀ lọ lè lo 18 kó má kábàámọ̀. Ẹni tó ń lọ Adó-Èkìtì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń gun òkè lọ Ìdànrè, kó fi mọ sí 17. Èmi ti ta 18 tèmi.

ET, nọ́ńbà tí wọn kì í bèèrè

Ẹ yí rímù dojú bolẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan bíi 17x7J ET40. 7J ni fífẹ̀ rímù, íǹṣì 7. ET40 ń sọ pé ibi tí rímù ti fi ara lé họ́ọ̀bù jìnnà sí àárín gbùngbùn fífẹ̀ rẹ̀ ní 40 mm, sí apá ìta. Ẹ fi sọ́kàn báyìí: bí ET bá kéré, gbogbo ẹsẹ̀ náà á yọ síta; bí ET bá tóbi, á wọlé sínú, sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì.

Ká ní táyà yín àtijọ́ jẹ́ 195, ET45 sì ni rímù rẹ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ rà jẹ́ 215 lórí 7J, ET40. Táyà fẹ̀ sí i ní 20 mm: 10 sínú, 10 síta. ET tó dín ní 5 á ti gbogbo rẹ̀ síta ní 5 mm. Nítorí náà, ẹ̀yìn táyà á fi 5 mm péré sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ojú rẹ̀ á sì yọ síta ní 15 mm.

Ẹ wá bá mi ṣe ti rímù 18 tó dójú tì mí. 225, ET35. Táyà fẹ̀ sí i ní 30: 15 sínú, 15 síta. ET dín ní 10. Inú: 15 yọ 10, ó ku 5. Ìta: 15 àti 10, ó di 25 mm síta. Ṣé ẹ rántí 25 yẹn? A ó tún pàdé rẹ̀.

Okùn, nọ́ọ̀tì kan, àti téèpù

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí sítíárì dúró gbọọrọ. Ẹ so nọ́ọ̀tì kan mọ́ okùn, ẹ mú okùn náà mọ́ etí fẹ́ńdà lọ́gangan òkè táyà, kó rọ̀ sísàlẹ̀ bí èyí tí bíríkìlà fi ń wo ògiri. Ẹ wá wọn láti ara okùn dé ibi tí ẹ̀gbẹ́ táyà ti yọ síta jù. Ẹ ṣe é ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti kọlu nǹkan rí kì í dọ́gba lápá ọ̀tún àti òsì.

Ní ti ọkọ̀ mi, iwájú fún mi ní 27 mm, ẹ̀yìn fún mi ní 22. Ẹ gbé 25 àná lé 22: táyà kọjá etí fẹ́ńdà ní 3 mm. Gbogbo ohùn “ràààà” yẹn kò ju 3 mm lọ. Bí mo bá ti so nọ́ọ̀tì mọ́ okùn kí n tó lọ rà á, mi ò bá ti mọ̀. 215 ET40, tó yọ síta ní 15, fi 7 mm sílẹ̀ lẹ́yìn àti 12 níwájú. Ó tó. Ṣùgbọ́n 215 iléeṣẹ́ kan lè sanra ju ti òmíràn lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi ìṣirò yín ha mọ́ 1 mm.

Ní ti inú, ẹ yí sítíárì títí yóò fi dúró, kí ẹ tẹ́ ọwọ́ wọ àárín táyà àti ṣọ́ọ̀kì. Amọ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣeré dára níbẹ̀: ẹ rọ ọ́ mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì kó nípọn tó iye tí táyà tuntun máa fi sún mọ́ ọn, kí ẹ yí ẹsẹ̀ náà, kí ẹ wo bóyá ó kan amọ̀. Mo ti rí ẹni tó lo ẹ̀bà àná. Ó ṣiṣẹ́.

Kí àyè tó kù láàárín táyà àti ṣọ́ọ̀kì má ṣe kéré sí 5 mm. Ibẹ̀ burú ju fẹ́ńdà lọ, torí pé ẹ kò ní rí i bó ṣe ń gé táyà.

Báwo ni wọ́n ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ dáhùn kí ẹ tó náwó sí rímù rárá, pàápàá bí ẹlòmíràn ló rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó rà á. Sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yẹn wà, ṣọ́ọ̀kì tí èèyàn lè fi sípánà gbé sókè sọ̀ kalẹ̀ wà, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa náà sì wà: kí wọ́n fi ayùn gé sípíríǹgì, tàbí kí wọ́n fi iná gáàsì yọ́ ọ kó lè jókòó.

Èyí tí wọ́n fi iná yọ́, ẹ tú u dà nù. Ooru ti ba agbára irin yẹn jẹ́, kò ní dá ìgbà tó máa ṣẹ́. Èyí tí wọ́n gé tún le díẹ̀ láti ṣàlàyé: gígé a máa mú kí sípíríǹgì le sí i, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá fò díẹ̀ lórí bọ́ǹpù, tí ẹsẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀, sípíríǹgì tó kúrú jù lè kúrò ní àga rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí jáàkì kí ẹsẹ̀ rọ̀ tán. Bí ẹ bá lè fi ọwọ́ mi sípíríǹgì lọ mi í bọ̀, ẹ má tíì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta rímù.

Láti mọ iye tí ọkọ̀ fi rẹlẹ̀, ẹ má ṣe wọn láti ilẹ̀, torí táyà á tàn yín jẹ. Láti àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà ni kí ẹ wọn. Tèmi jẹ́ 380 mm tẹ́lẹ̀, ó di 345. Mìlímítà 35 yẹn ti tó ní ìlú tí bọ́ǹpù wà lẹ́nu géètì gbogbo èèyàn. Ẹni tó rẹ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 60, bí akàn ló ń fẹ̀gbẹ́ gun bọ́ǹpù, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa fun fèrè mọ́ ọn.

Lọ́jà

Rímù tòkunbọ̀ wà ní Àkúrẹ́. Èyí tí kò bá sí níbí, wọ́n á ní kí ẹ fún àwọn ní ọjọ́ méjì kí àwọn fi ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ l'Ékòó. Kò burú, ẹ ṣáà kọ ihò, J àti ET fún wọn sórí ìwé, kí ẹ má sanwó tán kí ẹ tó rí i. Bó bá dé, ẹ yí i nílẹ̀ kí ẹ wo bóyá ó ń mì. Ẹ wo inú rẹ̀, kì í ṣe ojú tí wọ́n kùn: ibẹ̀ ni ojú jíjó àti ibi tí ó ti sán wà. Ẹ so ó rọ̀, ẹ fi sípánà kékeré lù ú. Èyí tó pé á dún bí agogo; èyí tó sán á dún bí agolo. Rímù tí wọ́n ti jó, èmi kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Táyà: ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 1422 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 14 ọdún 2022. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ títí tó fi ń dán kò lè fọ nọ́ńbà yẹn kúrò. Lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, nọ́ńbà kan tún wà tó ń sọ ẹrù tó lè gbé. 91 túmọ̀ sí 615 kg fún ẹsẹ̀ kan, 87 túmọ̀ sí 545 kg. 195/65R15 sábà máa ń jẹ́ 91. 215/45R17 wà tó jẹ́ 87, ó tún wà tó jẹ́ 91, èyí tí wọ́n kọ XL sí lára. XL ni kí ẹ rà. Ìyàtọ̀ 70 kg lẹ́sẹ̀ kan kì í ṣe kékeré fún ọkọ̀ tó máa kó ìdílé lọ sí òde ìgbéyàwó l'Ọ́wọ̀.

Ọjọ́ tí a máa gbé rímù sí i

Nọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ọ̀tì tó bá rímù alumíníọ̀mù Toyota wá a máa ní ẹnu pẹlẹbẹ pẹ̀lú wásà. Ti rímù Honda rí róbótó bí orí ọmọ odó. Ọ̀pọ̀ rímù tí a ń rà fẹ́ nọ́ọ̀tì tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Bí ẹ bá fi èyí tí kò bá ojú ihò mu sí i, ó lè dì lónìí, kó tú lọ́la. Sísanra bótì Toyota àti Honda tí a ń sọ yìí jẹ́ 12 mm, yíyí kan sì ń gbé nọ́ọ̀tì rìn ní 1.5 mm. Kí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan yí nígbà 8 ó kéré tán kó tó dì. Bí ẹ bá ka 4 tó sì ti dì, bótì kò wọlé tó. Èyí ló jẹ́ kí n máa sá fún sípéésà pẹlẹbẹ tí àwọn kan ń fi sẹ́yìn rímù kó lè yọ síta: bótì yín ló ń jẹ.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù kúrò, ẹ ki òrùka bọ àárín rímù, ẹ gbé ẹsẹ̀ sí i, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé kí sípánà tó kàn án. Kí ẹ wá máa dì í ní ìdàkejì-dàkejì, bí ẹni ń ya ìràwọ̀, kì í ṣe yíyípo. Corolla fẹ́ 103 Nm, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì, Honda fẹ́ 108. Ẹni tí kò ní sípánà tọ́ọ̀kì, kó rò ó báyìí: lórí sípánà tó gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, agbára tí ẹ fi máa tẹ ìpẹ̀kun rẹ̀ kò ju ìwúwo nǹkan bí ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Bàbá fọkanáísà kan ní Òkè-Àró sọ fún mi rí, nígbà tí mo ní kí wọ́n má gun orí sípánà mọ́: “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ la fi ń dì í, ẹsẹ̀ náà la fi ń tú u.” Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, bàbá.” Bótì méjì ló já lọ́jọ́ tí a fẹ́ tú u. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ni mo fi ń dì í. Wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á máa wò mí, wọ́n á sì ṣì gba owó wọn.

Ẹfun àti sìmẹ́ńtì

Kí ẹ tó wà á kúrò níbẹ̀, ẹ fi ẹfun kun etí fẹ́ńdà nínú àti èjìká táyà. Ẹ di àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, ìyẹn 200 kg, sí bùútù àti àga ẹ̀yìn. Ẹ wakọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ gun ìdènà kékeré kan ní ìdàbùú, kí ẹsẹ̀ kan gbéra ju ìkejì lọ, ẹ ṣe é lọ́tùn-ún, ẹ ṣe é lósì. Ẹ yí sítíárì dé òpin lápá méjèèjì, ní wíwá síwájú àti sẹ́yìn. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wo ẹfun. Ibi tó ti nù ni táyà ti ń kàn.

Bó bá jẹ́ rọ́bà abẹ́ fẹ́ńdà ní iwájú ló kàn, ó rọrùn: ẹ fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, ẹ tì í sẹ́yìn, ẹ fi kílíìpù mú un. Bó bá jẹ́ etí irin fẹ́ńdà ní ẹ̀yìn, tó sì jẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì bítà tó mọṣẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru mú ọ̀dà ibẹ̀ gbóná, kó rọ̀, kó tó máa ká etí náà wọnú díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe gba òòlù. Ọ̀dà á sán, ẹ kò ní rí i, òjò méjì Àkúrẹ́ á rọ̀ sí i, ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ etí fẹ́ńdà tó ti jẹ dànù ní ìlú yìí, òòlù ló pa á.

Bó bá jẹ́ pé táyà kọjá etí fẹ́ńdà bí tèmi, ẹ má bá a jà. Ẹ dá rímù náà padà, tàbí ẹ tà á.

Aláínmẹ́ǹtì àti lẹ́yìn rẹ̀

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí sípíríǹgì jókòó dáadáa kí ẹ tó gbé e lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Bí ọkọ̀ bá rẹlẹ̀, orí ẹsẹ̀ iwájú a máa tẹ̀ sínú, táí-rọ́ọ̀dù, irin tó ń darí ẹsẹ̀ náà, á yí ìdúró rẹ̀ padà, táyà á wá máa jẹ lápá inú, níbi tí ojú kì í tó. Oṣù mẹ́ta ti tó láti ba táyà tuntun jẹ́ báyìí. Ibi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ti olókùn, kí wọ́n sì tẹ ìwé ìwọ̀n jáde fún yín kí wọ́n tó ṣe é àti lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú Corolla yìí ṣeé tún ṣe. Irin gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn yí ìtẹ̀sí ẹ̀yìn pẹ̀lú sípánà lásán, ẹ bi wọ́n pé bótì wo.

Lẹ́yìn bí 100 kìlómítà, ẹ tún nọ́ọ̀tì dì. Rímù tuntun a máa jókòó wọlé díẹ̀.

Ní ti atẹ́gùn, táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú kò fara da àìtó afẹ́fẹ́ rárá. Èmi ń fi 34 PSI sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú géèjì tèmi, torí géèjì fọkanáísà mẹ́ta ní ojú ọ̀nà Ọ̀dà kan náà fún mi ní nọ́ńbà mẹ́ta. Kí ẹ má ṣe kọjá iye tí wọ́n tẹ̀ sára táyà.

Ó ku sípíà. Nítorí a kò jẹ́ kí gíga táyà yí padà púpọ̀, 15 àtijọ́ tó wà ní bùútù á ṣì gbé yín délé. Ṣùgbọ́n bí rímù sípíà náà bá jẹ́ ti alumíníọ̀mù, nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu ṣóńṣó tuntun kò bá a mu, nítorí náà ẹ di nọ́ọ̀tì àtijọ́ márùn-ún sínú láílọ́ọ̀nù kan kí ẹ jù ú sí ẹ̀gbẹ́ jáàkì. Bí ẹ bá ra nọ́ọ̀tì oníkọ́kọ́rọ́ nítorí olè, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá ọkọ̀ rìn. Táyà mi jò rí ní Ìgbàrá-Òkè, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Sípíà wà, jáàkì wà, sípánà wà. Kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní yàrá mi ní Àkúrẹ́, àbúrò mi obìnrin ló gun ọ̀kadà gbé e wá bá mi, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé títí di òní. Inú píjìn-hóòlù ọkọ̀ ló ń gbé báyìí.